Àtẹ Tí Kíá Gé Kúrú

Ìyá Kíá tún ti sùn lọ lórí ìjókòó nínú yàrá ẹ̀rọ. Orí rẹ̀ tẹ̀ sí apá kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún ṣì wà lórí súìṣì. Kíá, tó ti wọ aṣọ ilé-ìwé tán, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó, àánú rẹ̀ sì ṣe é.

"Màmá, ẹ dìde kí ẹ lọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì."

"Ta ló ń sùn?" Ojú ìyá rẹ̀ ṣì wà ní dídì. "Ooru yẹn ńkọ́?"

Kíá wo nọ́ńbà tó ń tàn lójú ẹ̀rọ. "Ó ti ga jù díẹ̀."

Ìyá rẹ̀ tẹ súìṣì láìla ojú, wáyà gbígbóná inú ẹ̀rọ sì kú. Bí wọ́n ṣe ń bá a yí nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó ẹyin sínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìsàba ni. Ó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, tìréè ẹyin tò sínú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti bá adìẹ sàba títí òròmọdìẹ yóò fi jáde. Ó yẹ kó máa tan ooru, kó sì máa pa á fúnra rẹ̀. Àmọ́ kọ̀ǹpútà kékeré tó wà nínú rẹ̀ ń lọ́ra. Kó tó mọ̀ pé ooru ti pọ̀ jù, ó ti pẹ́ tó ti pọ̀ jù. Kó tó mọ̀ pé ó ti dín kù, ẹyin ti fẹ́ máa wá aṣọ ìbora. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà ti rìnrìn àjò lọ sí ọ̀nà jíjìn, kì í sì í gbé fóònù mọ́. Nítorí náà, ìyá Kíá ló ń ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru.

Ẹyin inú rẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Ọkùnrin kan tó ń sin adìẹ lẹ́yìn ìlú ló ni wọ́n, Olóko ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Olóko kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti sọ èyí tó fẹ́ sọ: bí ẹyin wọ̀nyí bá di ọmọ dáadáa, ọ̀dọ̀ ìyá Kíá ni yóò máa kó gbogbo ẹyin rẹ̀ wá, bí wọn kò bá dára, ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà lójú títì ni yóò gbà lọ. Ìyá Kíá kò ní iṣẹ́ mìíràn, òun nìkan ló sì ń gbọ́ bùkátà ilé.

Kíá kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ṣì ń kọ orúkọ wọn sórí ìwé ìdánwò, òun ti ń fi gègé họ orí. Nígbà mìíràn, gbogbo rẹ̀ ló máa ń gbà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n á pe ìwé jọ tán kó tó mọ̀ pé ìbéèrè wà lẹ́yìn. Ọmọ náà ní làákàyè, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Sùúrù ni wọn kò pín fún un dáadáa.

Nínú ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ilé-ìwé, òun àti ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Awò, nítorí awò ojú rẹ̀ tó nípọn, ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ìdíje kan ti wá láàárín àwọn ilé-ìwé. Kí wọ́n mú ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣiṣẹ́ gidi níbì kan, tó sì ń lọ́ra, kí wọ́n sọ ọ́ di ayára. Àwọn adájọ́ yóò wọn eré ti àtijọ́ àti ti tuntun.

"Ẹ̀rọ ẹyin yín ńkọ́?" ni Awò wí. "Ìyẹn lọ́ra ju ìgbín lọ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Kíá létí. Bí ẹ̀rọ bá yára, ìdíje á di tiwọn, ìyá rẹ̀ náà á sì rí oorun sùn. Ó da ètò inú ẹ̀rọ náà sórí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé, àwọn méjèèjì sì jókòó tì í. Èdè kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ C ni wọ́n fi kọ ọ́.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí Kíá ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́, kò le. Ohun tó ń wọn ooru nínú ẹ̀rọ kì í sọ ooru fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà lásán ló ń fi ránṣẹ́, láti òdo dé ẹgbẹ̀rún kan ó lé díẹ̀. Ìṣirò gígùn kan ló ń sọ nọ́ńbà náà di ooru. Nítorí pé ìṣirò ọ̀hún le fún kọ̀ǹpútà kékeré, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà ta ọgbọ́n: ó ní kó ṣe ìṣirò gbogbo nọ́ńbà sílẹ̀, kó to ìdáhùn wọn sínú àtẹ kan, kó wá máa wo àtẹ náà lásán. Bí ẹ ṣe ń wo àtẹ ìsọdipúpọ̀ lẹ́yìn ìwé yín dípò kí ẹ máa ka ìka ni.

"Ọgbọ́n yìí dára," ni Awò wí. "Kí ló wá dé tó fi ń lọ́ra?"

Kíá ti rí ìdáhùn tirẹ̀ kí Awò tó sọ̀rọ̀ tán. "Àtẹ yẹn ti gùn jù. Wò ó, ìlà tó lé ní ẹgbẹ̀rún. Ìdáhùn otútù wà níbẹ̀, ìdáhùn omi híhó wà níbẹ̀. Ta ló ń sàba ẹyin nínú fíríìjì?"

Awò rẹ́rìn-ín. Kíá gé àtẹ náà. Nǹkan bí ogójì ìlà péré ló ṣẹ́ kù, àwọn tó yí ooru tí ẹyin ń fẹ́ ká. Nígbà tí wọ́n dán an wò, ó yára débi pé Awò bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wò.

Ó ku ohun kan. Tíṣà kọ̀ǹpútà wọn, tí àwọn ọmọ ń pè ní Tíṣà Rọra lẹ́yìn rẹ̀, ní òfin kan tí kò gbojú fò rí. "Ẹ fọwọ́ kan ògiri méjèèjì," ló máa ń wí. Bí ènìyàn bá wọ yàrá tó ṣókùnkùn, kò gbọdọ̀ ní òun ti mọ yàrá náà àyàfi tó bá ti fọwọ́ kan ògiri lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ètò kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà tó kéré jù tó lè dé, kí wọ́n fún un ní èyí tó tóbi jù, kí wọ́n wo ohun tí yóò ṣe.

"Pàápàá èdè C," ni tíṣà náà máa ń fi kún un. "Èdè C kì í bá ènìyàn jà. Bí àtẹ rẹ bá jẹ́ ogójì ìlà, tí o ní kó mú ìlà àádọ́rùn-ún wá, kò ní bi ọ́ léèrè pé ṣé orí rẹ pé. Ohunkóhun tó bá bá níbẹ̀ ni yóò gbé fún ọ, ojú kò ní tì í."

Ọjọ́ tí wọ́n parí iṣẹ́ náà gan-an ni ìforúkọsílẹ̀ ìdíje ń parí. Awò ti ń wo aago. "Ògiri wo la tún fẹ́ fọwọ́ kàn? Kí á tó ṣe ìyẹn tán, wọ́n á ti tilẹ̀kùn. Àwọn ilé-ìwé yòókù kò sùn o."

Kíá mọ ohun tó yẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún yín pé ó gbàgbé. Ó wo aago, ó wo ojú Awò, ó sì tẹ bọ́tìnnì, iṣẹ́ náà lọ.

Tíṣà Rọra yọjú láìpẹ́. "Ẹ ti fọwọ́ kan ògiri méjèèjì?"

"A ti fọwọ́ kàn án, sà," ni Kíá dáhùn.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ Kíá balẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì dún létí ẹnì kankan.

Nígbà tó délé, ó da ètò tuntun náà sínú ẹ̀rọ ẹyin. Ooru dúró sójú kan. Ìyá rẹ̀ fà sẹ́yìn, ó ń wò ó bí ẹni tó rí ọmọ ọ̀lẹ tó ń gbálẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó wò ó títí wọ́n fi jẹun alẹ́ tán.

"Ṣé mo lè fi í sílẹ̀ báyìí?"

"Ẹ lè fi í sílẹ̀, Màmá. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa."

Ìyá rẹ̀ gbàdúrà fún un gan-an. Ó ní ọmọ tí òun bí ti wá ń gbé ẹrù kúrò lórí òun. Ó wọ yàrá lọ, ìhanrun rẹ̀ sì gba ilé kan. Inú Kíá dùn, ṣùgbọ́n ohun kan ń rìn ín lára díẹ̀díẹ̀ níbi tí ìdùnnú náà kò dé. Ó ní òun á yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la. Ọ̀la dé, ó ní ọ̀tunla.

Ẹyin ti fẹ́ẹ̀ tó di ọmọ nígbà tí ìyá rẹ̀ pinnu láti lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ṣàìsàn. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ lọ, ẹ̀rọ yìí ni kò jẹ́. Ó jáde láàárọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Kété lẹ́yìn tó lọ, iná mànàmáná lọ. Iná máa ń lọ, kì í ṣe tuntun. Ó sì padà dé. Ká ní àtẹ ti tẹ́lẹ̀ ló wà nínú ẹ̀rọ náà, ì bá kàn fi ìlọ́ra rẹ̀ dìde, kó rí i pé ibẹ̀ ti tutù, kó sì tan ooru. Àmọ́ ẹyin ti tutù kọjá ibi tí àtẹ Kíá dé. Nọ́ńbà tó wọlé kò ní ìlà mọ́. Èdè C kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó nawọ́ kọjá òpin àtẹ, ó gbé nọ́ńbà ràgàjì kan tó wà fún nǹkan mìíràn, ó sì fi fún ẹ̀rọ pé òun ni ooru. Ẹ̀rọ gbà pé iná ń jó nínú òun. Ó pa wáyà gbígbóná, kò sì tàn án mọ́ ní gbogbo ọ̀sán.

Kíá fò fẹ̀rẹ̀ wọlé láti ilé-ìwé, nítorí wọ́n ti kéde pé ètò òun àti Awò ló yára jù, pé wọ́n ti wọ ìpele ìkẹyìn. Ó ṣí yàrá ẹ̀rọ. Ooru tó máa ń gbá ènìyàn lójú níbẹ̀ kò sí. Ojú ẹ̀rọ ń sọ pé ooru inú òun lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Kò sí ohun tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò náà. Ó fọwọ́ kan ẹyin kan, ó tutù bí òkúta.

Ojú ẹsẹ̀ ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó tan ooru pẹ̀lú súìṣì ọwọ́, ó sì jókòó síbẹ̀, ó ń ṣọ́ ọ títí ìyá rẹ̀ fi dé.

Ìyá rẹ̀ kò tíì bọ́ bàtà tí ará ilé kejì ti sọ fún un pé iná lọ. "Iná yìí náà ni," ló wí, ó ń na ọwọ́ kan ẹyin láti tìréè dé tìréè. "Iná yìí ló fẹ́ bá tèmi jẹ́."

Kíá fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, ó jáde lọ mú fóònù.

Nígbà tó pe Awò lórí fóònù, ìyẹn kò tiẹ̀ ronú kó tó dáhùn. "Má sọ nǹkan kan. Iná ló lọ. Ṣé ìwọ lo gbé iná lọ ni? A ti wọ ìpele ìkẹyìn, Kíá. Tí tíṣà bá gbọ́, ó ti tán nìyẹn."

Òótọ́ ni, iná lọ. Ohun tó mú kí irọ́ náà dùn nìyẹn; ìdajì rẹ̀ kì í ṣe irọ́.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ilé-ìwé, ìyá rẹ̀ ní kí àwọn yẹ ẹyin wò. Wọ́n fi aṣọ dí fèrèsé, ìyá rẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì, ó ń gbé ẹyin lé ojú iná náà lọ́kọ̀ọ̀kan, Kíá sì ń gbé wọn fún un. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni ẹyin rí títí iná yóò fi tàn sí i. Nínú èyí tó wà láàyè, iṣan pupa á hàn, òjìji kan á sì mira. Nínú èyí tó ti kú, ohun gbogbo á dúró jẹ́ẹ́.

Kíréètì àwọn tó kú ń kún. Kíréètì àwọn tó wà láàyè kò tíì bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ tán.

Ìyá rẹ̀ wo kíréètì méjèèjì. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Èmi ni mo pa wọ́n. Kí ni mo ń wá lọ? Ẹ̀gbọ́n mi kò ní bínú bí n kò bá wá. Tí mo bá jókòó sílé mi, ǹ bá ti rí i."

Kíá lè jẹ́ kí wọ́n di ẹ̀bi náà ru iná mànàmáná. Iná mànàmáná kò ní ìyá. Ṣùgbọ́n èyí tó gbọ́ yìí, kò lè gbé e mì.

"Màmá, ẹ̀yin kọ́." Ẹyin kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi ni. Mo gé nǹkan kan nínú ètò ẹ̀rọ náà kó lè yára. N kò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo sọ fún yín pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, n kò yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí iná dé padà, òun ló yẹ kó tan ooru. Kò tàn án nítorí ohun tí mo gé." Ó bú sẹ́kún.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ìyá rẹ̀ wò ó nínú òkùnkùn yàrá náà. Kò pariwo, kò sì gbá a. Ì bá tẹ́ Kíá lọ́rùn kó gbá a.

"Gbé òmíràn wá," ni ìyá rẹ̀ wí. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò tán, ó pa tọ́ọ̀ṣì. "Nígbà tí Olóko bá dé, ìwọ lo máa bá a sọ ọ́. Kì í ṣe èmi."

Kíá kò dúró de Olóko kó tó bá Tíṣà Rọra sọ ọ́. Tíṣà náà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó tún un dé. Ó kọ̀wé sí àwọn adájọ́ pé ilé-ìwé àwọn jáwọ́. Awò kò bá Kíá sọ̀rọ̀ títí sáà náà fi parí. Bó bá rí i lọ́nà, ó máa ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń retí òjò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni tíṣà náà fa ìjókòó sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ó dáa. Bí a bá dá àtẹ gígùn padà, ẹ̀rọ náà á tún máa lọ́ra, ẹyin sì ṣì wà nínú rẹ̀. Kí ló máa ń ṣe kó tó wo àtẹ?"

"Ó máa ń kọ ìdáhùn sínú rẹ̀ ni, sà."

"Ìgbà wo ló máa ń kọ ọ́?"

Kíá wo ètò náà, ó ń ka ìlà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìgbà ni. Àwọn ìlà tó ń kọ àtẹ náà wà ní ojú ibi kan náà tí wọ́n ti ń béèrè ooru. Ní ìgbàkígbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́ mọ ooru kan ṣoṣo, á tún àtẹ náà kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, á mú ìdáhùn kan, á sì da gbogbo rẹ̀ nù.

"Tí mo bá bi ọ́ ní méje lọ́nà mẹ́jọ," ni Tíṣà Rọra wí, "ṣé wàá kọ́kọ́ kọ gbogbo àtẹ ìsọdipúpọ̀ sẹ́yìn ìwé rẹ? Tí mo bá tún bi ọ́ ní méje lọ́nà mẹ́sàn-án, ṣé wàá nù ún rẹ́, kí o tún un kọ?"

"Rárá, sà."

Ó dá àtẹ náà padà sí gígùn rẹ̀, kò gé nǹkan kan. Ó kó àwọn ìlà tó ń kọ ọ́ kúrò níbi tí wọ́n wà, ó kó wọn sí ìbẹ̀rẹ̀, kó lè jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò kọ ọ́, nígbà tí ẹ̀rọ bá ń dìde. Iṣẹ́ náà kò gbà tó àkókò tí ènìyàn fi ń jẹ oúnjẹ àárọ̀. Wọ́n wọn eré rẹ̀. Ó yára ju èyí tí Kíá gé kúrú lọ, ó yára jù ú lọ dáadáa.

Kíá wo nọ́ńbà náà títí. Òun gan-an ló ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní ó fọwọ́ kan ògiri méjèèjì lọ́jọ́ náà, àléébù àtẹ gígé ì bá hàn sí i, ì bá sì padà wá èyí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ki ohun tó ń wọn ooru bọ inú ife yìnyín, ó wò ó. Ó tún fi sínú omi gbígbóná, ó wò ó.

Ní ọjọ́ tí ẹyin fọ́, ohùn òròmọdìẹ gba yàrá náà, ṣùgbọ́n páálí tí wọ́n kó wọn sí kò kún. Olóko dé, ó wo inú páálí, ó wo ìyá Kíá. Ìyá Kíá wo ọmọ rẹ̀.

Kíá kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìbò ó. Olóko jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Dìde," ló wí. "Jẹ́ kí n bi ọ́. Ká ní o sọ fún ìyá rẹ pé o kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò, ṣé wọn ì bá jáde lọ́jọ́ náà?"

Kíá ronú. "Wọn ò ní jáde, sà. Wọ́n á jókòó tì í."

"Ẹyin mi ńkọ́?"

"Wọ́n á wà láàyè, sà."

Olóko mi orí. Ó ní kì í ṣe ètò tí kò pé ló pa ẹyin òun, nítorí ẹ̀rọ yẹn kò pé rí, obìnrin yìí sì ń fi ojú oorun rẹ̀ dí àléébù rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu ló pa wọ́n. "Ṣé ó ti wá dára báyìí?"

Ẹ̀rù ba Kíá, ìyá rẹ̀ sì ń wò ó. "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò nínú yìnyín, sà, mo sì ti yẹ̀ ẹ́ wò nínú omi gbígbóná. Ó dára níbẹ̀. Mo ti pa iná, mo tún tàn án, ó dìde. Ṣùgbọ́n bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀ léraléra, n kò tíì yẹ ìyẹn wò."

Olóko gbé páálí òròmọdìẹ rẹ̀. Ó ní ẹyin yòókù ti sáà yìí ń lọ sí ilé-iṣẹ́ ńlá, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tó lè yí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n ó padà lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé kíréètì kan ṣoṣo wọlé, ó sì gbé e fún Kíá lọ́wọ́. "Ohun tó o ní o kò tíì yẹ̀ wò yẹn ló jẹ́ kí n gbé e fún ọ," ló wí. "Mo ti mọ ibi tí a ó máa ṣọ́."

Ẹ̀yin ọmọ, kò sí ẹni tó ní kí ẹ má yára. Ẹ yára bí ẹ bá lè yára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ kò tíì yẹ̀ wò, ẹ ní ẹ kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá gbọ́ yín yóò mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ kúrò nídìí rẹ̀.